Ọ̀pá Kan, Adìyẹ Mẹ́ta: Bí A Ṣe Ń Wọn Àyè fún Adìyẹ Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí adìyẹ sísìn ní ẹ̀yìnkùlé. Láti Òkìtìpupa dé Igbótako, láti Ìlútitun dé Òde-Ìrèlè, kò sí àdúgbò kan ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí ẹ ò ti ní rí adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á da àgbàdo sílẹ̀ láàárọ̀, adìyẹ á lọ wá ìyókù fúnra rẹ̀, á sì padà wálé lálẹ́. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ sọ ọ́ di òwò. Wọ́n fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ láti fi ra ọmọ adìyẹ, kí wọ́n lè máa ta ẹyin, kí wọ́n sì máa ta ẹran.

Òwò gidi ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àyè. Ìbéèrè tí wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Adìyẹ mélòó ni owó mi lè rà?" Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé, "Adìyẹ mélòó ni ilé mi lè gbà?" Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú òwò adìyẹ, ilé là ń wò ká tó yá owó.

KÍ LÓ DÉ TÍ ÀYÈ FI ṢE PÀTÀKÌ?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí ní Igbókòdá mọ̀ pé ọkọ̀ ní iye èrò tó lè gbà. Bí a bá kó wọn lé ara wọn lórí, owó ọkọ̀ á pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dojú dé, àti èrò àti owó ló bá omi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilé adìyẹ rí. Nǹkan mẹ́rin ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí adìyẹ bá pọ̀ ju àyè lọ.

Èkíní ni ooru. Adìyẹ kì í làágùn bí ènìyàn. Bí ooru bá mú un, ẹnu ni á yà sílẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á sì na apá rẹ̀ kúrò lára kí afẹ́fẹ́ lè kàn án. Níbi tí wọ́n bá ti há mọ́ra, kò sí bó ṣe lè na apá. Kò ní jẹun dáadáa, ẹyin á dín kù, èèpo ẹyin á sì fẹ́lẹ́.

Èkejì ni omi. Adìyẹ ẹlẹ́yin kan ń mu tó ìdá kan nínú mẹ́rin lítà omi lójúmọ́, ó sì ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Adìyẹ 100 á mu tó lítà 25, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì ńlá kan gbáko. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi yìí ló ń padà jáde nínú ìgbẹ́ àti èémí wọn. Ẹ wá wò ó bí ẹni pé ẹnìkan ń da kẹ́ẹ̀gì omi kan sínú yàrá kan lójoojúmọ́. Bí yàrá náà bá fẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń wọ ibẹ̀, ilẹ̀ á gbẹ. Bí ó bá há, ilẹ̀ á máa rin, òórùn tó ń ta ni lójú á máa jáde láti inú ìgbẹ́, ojú adìyẹ á máa ṣomi, ọ̀fìnkìn á sì mú wọn.

Ẹ̀kẹta ni àìsàn. Àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pa ọmọ adìyẹ, inú ìgbẹ́ ni ẹyin kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde. Kò lè ran adìyẹ mìíràn lójú ẹsẹ̀. Ó ní láti rí ọ̀rinrin àti ooru fún bí ọjọ́ kan sí méjì ná. Ilẹ̀ gbígbẹ ń dí i lọ́wọ́. Ilẹ̀ tútù ló ń fún un ní ohun tó ń wá.

Ẹ̀kẹrin ni ìjà. Adìyẹ mọ èyí tó jù ú lọ nínú agbo. Níbi tí àyè bá wà, èyí tí kò lágbára á yà fún ọ̀gá rẹ̀. Níbi tí kò bá sí àyè, kò ríbi yà sí. Wọ́n á máa sọ ọ́, wọ́n á tu ìyẹ́ ìdí rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti yọ, gbogbo wọn á dà bò ó títí á fi kú. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ẹni tó há adìyẹ mọ́ yàrá, ara ò rọ ẹran, ara ò rọ olówó.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tí oògùn lè wò tán. Ẹni tó bá ra oògùn fún adìyẹ tí kò ní àyè, ó ń bu omi sínú agbọ̀n ni.

Ọ̀PÁ TÍ A Ó FI WỌN ÀYÈ

Ẹsẹ̀ bàtà tàbí mítà ni ìwé àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ fi ń ṣírò. Àmọ́ oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ nínú wa, a sì mọ ọ̀pá tí a fi ń wọn aṣọ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní yáàdì. Ọ̀pá kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìwọ̀n yẹn, kí ẹ fi sílé. Ó ti tó fún iṣẹ́ yìí. Nínú ẹ̀kọ́ wa, bí a bá ti sọ pé "àyè ọ̀pá kan", ibi tó gùn ní ọ̀pá kan, tó sì fẹ̀ ní ọ̀pá kan ni à ń wí.

Ìwọ̀n tí ẹ ó máa lò nìyí:

1. Adìyẹ ẹlẹ́yin tí kò ní máa jáde, tó jẹ́ inú ilé ni yóò wà tọ̀sán-tòru: adìyẹ 3 sí àyè ọ̀pá kan.

2. Bùróílà tí ẹ ó tà ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8: adìyẹ 6 sí àyè ọ̀pá kan.

3. Adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri lọ́sàn-án, tó jẹ́ pé oorun nìkan ló ń gbé e wọlé: adìyẹ 5 sí àyè ọ̀pá kan.

4. Ọgbà tí a sọ yí ilé ká, tí adìyẹ ń jáde sí lọ́sàn-án: àyè ọ̀pá kan fún adìyẹ 1. Èyí yàtọ̀ sí àyè inú ilé o. A kì í fi ọ̀kan dípò èkejì.

Àwọn adìyẹ tí wọ́n dìídì mú jáde fún ẹ̀yìnkùlé ní orílẹ̀-èdè wa, irú bíi Noiler, àti FUNAAB Alpha tí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta mú jáde, tóbi ju adìyẹ ìbílẹ̀ lọ. Ẹ kà wọ́n mọ́ adìyẹ ẹlẹ́yin: 3 sí àyè ọ̀pá kan.

Ẹnìkan lè sọ pé òun gbọ́ pé àwọn òyìnbó ń kó jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ilé. Òótọ́ ni. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìparapọ̀ Yúróòpù, òfin gbà kí adìyẹ ẹlẹ́yin tó wà nílẹ̀ nínú ilé tó 9 sí mítà kan níbùú-lóròó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wọn tutù, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ilé. Ẹ tún wò ó pé àwọn òyìnbó yìí kan náà ti fi òfin lé àgò wáyà kéékèèké tí kò ní ìtẹ́ àti ibi ìsùn kúrò nílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012. Adìyẹ tí wọ́n bá ní ó ń jáde síta, mítà 4 níbùú-lóròó ni òfin wọn ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lóde. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àyè ọ̀pá 5. Nítorí náà, ọ̀pá kan tí a sọ yìí kì í ṣe àṣejù. Òun ló kéré jù.

BÍ A ṢE Ń ṢÍRÒ RẸ̀

Ẹ wọn òòró ilé, ẹ wọn ìbú rẹ̀, kí ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀. Ilé tó gùn ní ọ̀pá 4, tó sì fẹ̀ ní ọ̀pá 3, àyè ọ̀pá 12 ni. Ẹ fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀: adìyẹ ẹlẹ́yin 36. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa jáde, ọgbà wọn gbọ́dọ̀ tó àyè ọ̀pá 36, bí àpẹẹrẹ, ọ̀pá 6 ní òòró, ọ̀pá 6 ní ìbú.

Bí ẹ bá ń kó àpò oúnjẹ sínú ilé kan náà, ẹ yọ ibi tí àpò wà kúrò ná. Bí ìṣirò bá sì fún yín ní adìyẹ 38 àti ààbọ̀, 38 ni kí ẹ kó síbẹ̀. Sísàlẹ̀ là ń gé e sí, a kì í gbé e sókè.

Ẹni tó bá ní dandan 100 ni òun fẹ́ sìn ńkọ́? Ẹ pín 100 sí ọ̀nà 3. Yóò nílò ilé tó tó àyè ọ̀pá 34. Ilé tó gùn ní ọ̀pá 7, tó fẹ̀ ní ọ̀pá 5, gba ìyẹn, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Bí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kò bá gba irú ilé bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé 100 kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé yẹn.

ỌMỌ ADÌYẸ Ń TAN NI JẸ

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọmọ adìyẹ 100 kò kún igun yàrá kan. Títí wọ́n á fi pé ọ̀sẹ̀ 4, ààbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóròó tó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn ni pé 18 lè wà ní àyè ọ̀pá kan. Yàrá ọlọ́pàá 12 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan á gba 100 ní ìrọ̀rùn nígbà náà, olówó á sì máa yọ̀ pé àyè ṣì kù. Ṣùgbọ́n adìyẹ ń dàgbà lójoojúmọ́, yàrá kì í dàgbà. Bí ó bá fi máa tó oṣù márùn-ún tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin, àyè àwọn 36 ni 100 wà. Owó oúnjẹ oṣù márùn-ún ti wọlẹ̀, ẹyin kan kò sì tí ì jáde. Òkèlè gbòǹgbò ló fẹ ọmọ lójú yẹn.

Iye tí wọ́n máa jẹ́ nígbà tí wọ́n bá dàgbà ni kí ẹ fi ṣírò ní ọjọ́ tí ẹ ra ọmọ wọn.

Ọ̀nà àbáyọ sì wà fún ẹni tí ilé rẹ̀ kéré. Páálí ọmọ adìyẹ sábà máa ń gba 50. Ẹni tí ilé rẹ̀ gba 30 àti ẹni tí ilé rẹ̀ gba 20 lè pa owó pọ̀ ra páálí kan, kí wọ́n pín in. Ohun tí a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ náà nìyẹn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

ILÉ ADÌYẸ NÍ ILẸ̀ ÒJÒ

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ gbígbẹ. Láti bí oṣù kẹta títí dé oṣù kọkànlá ni òjò ń rọ̀. Nítorí náà, bí àyè bá tó tí ilé kò bá dára, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ tó kúrú kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò ní lè wọ inú ilé púpọ̀. Ìjì òjò wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Ẹ dí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ti ìhà ibẹ̀ pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó gùn, ẹ mọ ògiri wọn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3, kí ẹ ta nẹ́ẹ̀tì wáyà sórí rẹ̀ títí dé òrùlé, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa kí òjò má baà fọ́n wọlé.

Ẹ gbé ilẹ̀ inú ilé ga ju ti ìta lọ, kí ẹ sì la ojú àgbàrá yí i ká. Ọparun àti igi ògùrọ̀ tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa dára fún òpó àti ibi ìsùn, ṣùgbọ́n ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ikán. Ẹ da èérún pákó gbígbẹ, èyí tí ẹ lè rí lọ́dọ̀ káfíńtà, sílẹ̀ kí ó nípọn tó íǹṣì 3 sí 4. Ẹ máa tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: bí ó bá dì pọ̀ bí èbà, ó ti tutù jù, ẹ kó o kúrò, bí ó bá tú ká, ó dára. Èyí tí ẹ bá kó kúrò, ẹ má dà á nù. Bí ẹ bá kó o jọ títí tó fi jẹrà, ajílẹ̀ gidi ni fún oko ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́.

Ní ti ọgbà, bí ilẹ̀ bá gbà, ẹ ṣe é ní ọ̀nà méjì. Bí ẹ bá lo ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ ti í, kí ẹ sì ṣí èkejì. Koríko á rí àyè hù, oòrùn á sì pa kòkòrò ilẹ̀. Ọgbà tí koríko rẹ̀ ti tán, tó ti di ẹrẹ̀ lásán nínú òjò, ó sàn kí adìyẹ wà nínú ilé ju kó jáde síbẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí igi kan wà níbẹ̀ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n á sá sábẹ́ rẹ̀ bí àṣá bá yọ. Lálẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn nítorí ejò àti ẹtà, kí ẹ sì máa fọ́n eérú gbígbẹ yí ìdí ilé ká nítorí ìjàlọ.

Kí ilé adìyẹ jìnnà sí kànga. Kí ènìyàn má sì sun yàrá kan náà pẹ̀lú adìyẹ. Àìsàn adìyẹ tó lè mú ènìyàn wà. Gbogbo wa ló rántí àrùn lùkúlùkú ti àwọn ẹyẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní bird flu, tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2006.

OÚNJẸ, ÌTẸ́ ÀTI IBI ÌSÙN

Àyè ilẹ̀ nìkan kò tó. Àyè ẹnu náà wà. Adìyẹ ńlá kọ̀ọ̀kan nílò íǹṣì 4 létí ọpọ́n oúnjẹ. Ọpọ́n tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, tí wọ́n lè jẹun ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tó adìyẹ 30. Bí ọpọ́n kò bá tó, àwọn alágbára á yó, àwọn yòókù á máa jẹ ìdọ̀tí, ẹ ó sì rò pé àìsàn ló mú wọn rù.

Igi ìsùn: íǹṣì 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé igi ọlọ́pàá kan gba adìyẹ 4. Ìtẹ́: ọ̀kan fún adìyẹ 5, tí ìbú àti òòró rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 12. Ẹ gbé ìtẹ́ kọ́ sára ògiri níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, kí ó má baà gba àyè ilẹ̀. Ìtẹ́ tí kò tó ló ń mú kí adìyẹ yé sílẹ̀, kí ẹyin dọ̀tí, kí ó fọ́, kí adìyẹ sì kọ́ bí a ti ń jẹ ẹyin.

Ẹ má sì rò pé àyè á ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lùkúlùkú tó ń pa adìyẹ lọ bẹẹrẹ, tí àwọn oníṣègùn ẹran kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1952 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1953, kò bìkítà bí ilé ṣe fẹ̀ tó. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹran ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe oògùn àjẹsára rẹ̀. Ẹ bá oníṣègùn ẹran ìjọba tó wà nítòsí yín sọ̀rọ̀ kí ọmọ adìyẹ tó dé.

ÀYÈ ÀTI OWÓ ẸGBẸ́

A ti fi ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo wa sí ìkẹyìn. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ yá, owó gbogbo wa ni. Bí adìyẹ bá kú, gbèsè kì í bá wọn kú. Ẹni tó yá a á máa wá a kiri. Bí kò bá rí i san, ọwọ́ á kan àwọn onídùúró rẹ̀, àwọn tí ó jẹ́ pé wọn kò jẹ ẹyin kan níbẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ yá owó adìyẹ kọ òòró àti ìbú ilé rẹ̀ sínú ìwé tó fi ń béèrè. Kí àwọn onídùúró rẹ̀ mú ọ̀pá lọ síbẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n fúnra wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìyẹn kò ní gbà ju ìdajì wákàtí lọ, kì í sì í ṣe àìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tí ilé rẹ̀ gba 36, kí ó yá owó 36. Bí ó bá rí èrè níbẹ̀, kí ó fi fẹ ilé rẹ̀, kí ó sì padà wá yá ti 60. Àjẹpẹ́ là ń pe àjẹkù ẹ̀yìn, ẹ̀yin ará.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Ilé kan gùn ní ọ̀pá 5, ó fẹ̀ ní ọ̀pá 2. Adìyẹ ẹlẹ́yin mélòó ló gbà? Ìtẹ́ mélòó ni yóò nílò?

2. Kí ló dé tí a fi ń ṣírò adìyẹ ńlá ní ọjọ́ tí a ra ọmọ adìyẹ?

3. Ta ni nínú wa tí ilé rẹ̀ kò gba 50, tó fẹ́ bá ẹlòmíràn pín páálí kan? Kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.

Ìdáhùn ìbéèrè kìíní ni adìyẹ 30 àti ìtẹ́ 6. Ẹni tó gbà á ti lè wọn ilé tirẹ̀. Ó di oṣù tó ń bọ̀.